Ògiri Bọ́ọ̀dù Inú Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹfà, 1995

Ikọ́ ife ni. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa. Ó ní itọ́ tí wọ́n gbà lọ yẹ̀wò ti fi hàn, àwòrán àyà náà sì jẹ́rìí sí i. Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, jókòó bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń wò. Èmi ni mo béèrè gbogbo ohun tó yẹ kí ó béèrè.

Oògùn ojoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja. Kò gbọdọ̀ wa lọ́rì fún ìgbà yìí ná. Lẹ́yìn náà ni dókítà bi mí pé yàrá mélòó la ní. Mo ní yàrá kan àti pálọ̀. Ó ní níbo làwọn ọmọ ń sùn? Mo ní ọ̀dọ̀ wa ni. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Màdáámù, ọkọ yín gbọ́dọ̀ máa dá sùn, níbi tí fèrèsé wà, títí oògùn yóò fi ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ yẹn ló kàn."

Lórí ọ̀kadà, mo jókòó sẹ́yìn ọkọ mi, mo sì ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún. A délé. Nígbà tí Fẹ̀sọ̀jayé sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ rọra tì í sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tó ṣe. Ó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo ti ro ó títí. Yàrá wa kò ní fèrèsé gidi, ihò kékeré kan tó kọjú sí ògiri ilé kejì ló wà níbẹ̀. Pálọ̀ ló ní fèrèsé méjì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà wọlé, ibẹ̀ la ti ń jẹun. Àfi ká gé pálọ̀ sí méjì, kí fèrèsé kan bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ bá Bàbá Akínyẹlé, onílé wa. Mi ò dárúkọ àìsàn. Mo ní ọkọ mi fẹ́ ibi tó ti lè sinmi.

"Ẹ má kó búlọ́ọ̀kù wọ ilé mi o," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ta ni yóò wó o? Bọ́ọ̀dù nìkan ni mo fọwọ́ sí, irú èyí tí wọ́n ń kàn sí àjà. Ẹ má sì dá ihò sí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ mi."

Mo dúpẹ́. Wọ́n bi mí bóyá ọkọ mi ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí wọn kò gbọ́ ariwo lọ́rì rẹ̀ mọ́. Mo ní ó gba ìsinmi.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹfà

Ambrose káfíńtà wá. Ó wọn ilẹ̀, ó wọn òkè, ó ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni. Inú mi ti ń dùn. Ìgbà náà ni Bàbá Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ nínú yàrá, kò sì tètè dáwọ́ dúró.

"Ta ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ọkọ mi ni. Òtútù ló mú un."

Ambrose wo ojú mi, ó ká tépù rẹ̀ sí àpò. Omi tí mo bù fún un, kò fẹnu kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹfà

Kò padà wá, nítorí náà mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò yájú sí mi. Ó tilẹ̀ nu bẹ́ǹṣì kí n tó jókòó.

"Ẹ má bínú, Ìyá Bọ́lá. Oyún wà nínú ìyàwó mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní kí ó júwe káfíńtà mìíràn fún mi. Ó ní kò sí èyí tí kò tíì gbọ́. Ta ló sọ fún wọn? Ó ní iṣẹ́ náà kò le, kí n ra irinṣẹ́ kí n ṣe é fúnra mi. Mo ní kí ni màá rà? Ó ní ayùn, hámà, tépù, ìṣó, àti irin onígun tí a fi ń mọ̀ bóyá igi gún. Ó dárúkọ wọn bí ìgbà téèyàn ń dárúkọ èlò ọbẹ̀. Mo ní kí ó yá mi ní tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wolẹ̀.

"Bí wọ́n bá wọ inú ilé yẹn, mi ò ní lè gbé wọn wá sílé mọ́."

Mo rìn padà sílé nínú oòrùn. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹfà

Ní ibi iṣẹ́ mo ní orí ń fọ́ mi. Mo fi ìwé tí mo ń tẹ̀ sílẹ̀ fún Rhoda tó jókòó tì mí, mo gba ṣọ́ọ̀bù Boniface lọ, nítòsí Ọjà Ọba. Ìbò ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ń ta irin àti ìṣó ní Ọ̀wọ̀ débi pé ó ń sọ ohùn wọn ju èmi lọ. Èmi tí mo ti Ìkàrẹ́ wá ni wọ́n ṣì ń fi ohùn mi rẹ́rìn-ín.

"Ayùn wo lẹ fẹ́, màdáámù?"

Mi ò mọ̀ pé ayùn ju oríṣi kan lọ. Ó tẹ́ wọn síwájú mi. Ọ̀kan ní eyín gàǹgà gàǹgà, ó ní ti igi tútù ni. Òmíràn, eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́, ti bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan ti gbó, èèkù rẹ̀ dúdú nítorí ọwọ́ tó ti dì í mú, owó rẹ̀ sì ga ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀yìn wọn ni ọ̀kan wà tó ń dán, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike pupa.

"Èyí tó ń dán yìí ńkọ́?"

"Ọgọ́sàn-án náírà. Àwọn èèyàn máa ń rà á."

Ìgbà tí mo délé ni mo rántí pé kò sọ pé ó dára.

Ó tún bi mí pé ta ló fẹ́ lo hámà. Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní kí n mú ńlá nígbà náà. Mo ti ń wo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ti jáde lẹ́nu mi, mo sì san owó ńlá. Ó wúwo bí ọmọ odó. Ìrọ̀lẹ́ yìí apá ń ro mí nítorí pé mo gbé e wálé lásán.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹfà

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ Bàbá Bọ́lá já igi tí a ó kan bọ́ọ̀dù mọ́ sílẹ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò gba owó. Wọn kò wọlé. Wọ́n kí i láti ojú títì, ó juwọ́ sí wọn lójú fèrèsé, lọ́rì wọn sì gbéra.

Ó jáde wá wo igi náà, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. "Kò tíì gbẹ," ó ní. "Igbó Imeri ni wọ́n ti gé e, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Yóò lọ́."

Mo ní ṣé kí a dúró kí ó gbẹ? Ó wò mí, ó ní ta ló máa dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹfà

Ayùn pupa náà há sínú igi àkọ́kọ́. Mo fà á, ó tẹ̀ bí páálí. Mo nà án, mo tún gé, ó tún há. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, igi kan ṣoṣo, ibi tí mo gé sì wọ́ bí ọ̀nà oko. Èèkù ike náà ti yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìléròrò yọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Báwo ni mo ṣe máa tẹ̀wé lọ́jọ́ Ajé?

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹfà

Òjò. Igi ń mu omi níta. Mi ò ní ibi tí màá kó o sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Keje

Ìyá ọkọ mi dé láti Imeri pẹ̀lú iṣu àti àgbo nínú ìgò. Ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń wọn ilẹ̀ pálọ̀.

"Ìyàwó, kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Mo ṣàlàyé gẹ́gẹ́ bí dókítà ti ṣàlàyé fún mi. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbé orí ọmọ wọn lé itan bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni.

"Ìbídàpọ̀, ìyàwó rẹ fẹ́ há ọ mọ́ igun bí ajá tó ya wèrè."

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ ni."

"Ta ló bí àwọn ọmọ ọ̀hún? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni?"

Bàbá Bọ́lá di ojú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Keje

Mo gbé ayùn pupa àti hámà ńlá padà lọ bá Boniface. Kò gba ayùn náà, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó na ayùn náà sókè, ó wò ó ní ìbú.

"Mo rò pé ẹ fẹ́ fi gé ìdí ọ̀pẹ̀yìnbó lásán," ó ní. "Kí n sọ òótọ́ fún yín, èmi fúnra mi ò lè fi èyí gé búrẹ́dì."

"Kí ló dé tí ẹ fi tà á fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, màdáámù. Ẹ bi mí ní iye rẹ̀ ni."

Ó mú ayùn dúdú jáde. Ọ̀ọ́dúnrún náírà. Ó ní kí n gbé e lé igi kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí n dán an wò. Ó wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè. Ó kọ́ mi pé kí n má tẹ̀ ẹ́, kí n jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ ṣe iṣẹ́, kí n sì máa fi ọ̀rá àbẹ́là pa á lára nígbà tí igi bá tutù. Ó gba hámà ńlá, ó fi kékeré rọ́pò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mi ò sọ ohunkóhun fún un nípa ẹni tó ń lò ó.

Bí mo ṣe ń lọ, ó ní, "Ẹ kí ọ̀gá o. Ọlọ́run yóò ṣàánú."

Òun náà ti gbọ́. Mo rò pé gbogbo Ọ̀wọ̀ ló ti gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Keje

Igi márùn-ún, gbogbo wọn gún! Mo fi irin onígun wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí mi ò gbà á gbọ́. Mo pe Bàbá Bọ́lá kí ó wá wò ó. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora léjìká, ó gba hámà lọ́wọ́ mi, ó kan ìṣó kan wọlé, ó kan èkejì. Òógùn bò ó. Ó jókòó sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Bọ́lá. Ó ti tó. Màá parí ẹ̀."

Ó ń wo igi tó dúró láti ilẹ̀ kan àjà.

"Monísọ́lá, ṣé o mọ ohun tí èyí jọ? Pósí. Wọ́n kàn gbé e nàró ni."

Kì í pe orúkọ mi. Mo ṣa ìṣó tó já bọ́ nílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Keje

Rhoda ti gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ́fíìsì. Ó ní iná tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tibí lọ. Kò sí iná láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Keje

Ìyá padà sí Imeri. Wọn kò kí mi kí wọ́n tó lọ. Mo rí i pé àgbo inú ìgò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, oògùn ọsibítù kò sì dín. Mo bi Bàbá Bọ́lá. Ó ní oògùn náà ń mú kí ìtọ̀ òun pupa bí ẹ̀jẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ òun ló ń gbé jáde. Mo ní dókítà ti sọ fún wa pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní dókítà kọ́ ló ń tọ̀ ọ́.

Láti òní lọ, èmi ni yóò máa fi ọwọ́ ara mi fún un lóògùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Keje

Mo ra bọ́ọ̀dù. Ọmọlanke la fi gbé e láti ọjà, òjò sì ká wa mọ́ ọ̀nà. Nígbà tí a délé, ọ̀kan ti fọ́ sí méjì, igun òmíràn ti ya. Ọlọ́mọlanke ní òun kọ́ ló rọ òjò.

Bákan náà ni igi tí mo kàn. Ó ti lọ́, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Bọ́lá ṣe wí. Àlàfo kan wà láàárín rẹ̀ àti ògiri tí ọwọ́ mi lè gbà kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Keje

Mo kan ìṣó sí bọ́ọ̀dù, ó sán bí àwo. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún sán. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín èérún funfun náà, mo sunkún. Bọ́lá ti ilé ìwé dé, ó bá mi bẹ́ẹ̀, ó ní, "Màámi, ṣé hámà gbá yín lọ́wọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Keje

Boniface ní irú bọ́ọ̀dù yìí kì í gba ìṣó lásán, àfi kí n kọ́kọ́ lu ihò sí i. Ó fi irin ìluhò kan hàn mí, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí bí ẹni ń lọ ata. Tuntun wà, àlòkù wà. Mo bi í léèrè lọ́tẹ̀ yìí: èwo ni ẹ̀yin ì bá rà? Ó mú àlòkù. Ó ní kí n má gé bọ́ọ̀dù nínú ilé, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹni tí àyà ń dùn.

Kò dára fún ẹnikẹ́ni, mo rò ó nínú ara mi, ṣùgbọ́n èmi ni yóò máa gé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Keje

Mi ò lè fi ọwọ́ kan di bọ́ọ̀dù mú kí n fi èkejì lu ihò. Mo ń gbìyànjú láti fi orí tì í ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Rhoda ni, ó fi gèlè di imú àti ẹnu.

"Mi ò lè pẹ́," ó ní. "Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo wà níbí."

Ó di bọ́ọ̀dù mú, mo lu ihò, mo kan án. Nígbà tó ń lọ, ó yọ gèlè náà kúrò, ó sì sọ ọ́ sínú gọ́tà. Mo rí i. Mi ò bínú. Ó wá.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹjọ

Bàbá Bọ́lá wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Kì í ṣe díẹ̀. Ọsibítù dá a dúró, wọ́n ní kò sí àyè bẹ́ẹ̀dì títí di ọ̀la, kí a máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì ná.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ní kí a máa lọ sílé, kí ó máa lo oògùn. Dókítà bi mí bóyá ibi tó máa sùn ti wà. Mo ní ó ku ilẹ̀kùn. Ó ní kí n ṣe kíá.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Ìyàwó Bàbá Akínyẹlé ló sọ fún mi: ìyá ọkọ mi wá pẹ̀lú lọ́rì kan, wọ́n gbé e lọ sí Imeri. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó rédíò. Oògùn wà lórí fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀nà Imeri bàjẹ́ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Kò sí epo, mọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní gáréèjì, a fún ara wa bí ẹja inú agolo.

Ó jókòó lábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé ìyá rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ yí i ká, ọmọ kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹ̀rín yẹn láti oṣù mélòó kan.

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé wọn kò bá mi jà, ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́.

Mo sọ fún un pé, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká lọ. Yàrá yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Fèrèsé yín kọjú sí ojú títì, ẹ ó máa rí lọ́rì."

"Níbí, kò sẹ́ni tó ń kan nǹkan yí mi ká."

"Oògùn ńkọ́?"

"Gbé e sílẹ̀ bó o bá fẹ́."

"Ṣé ẹ ó lò ó?"

Ó wo ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí ó lọ máa ṣeré. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́ sínú aṣọ, ó ká aṣọ náà kí n má bàa rí i. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, mo mọ̀ pé o gbìyànjú. Ó rẹ̀ mí ni."

Mo gbé oògùn náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, mo sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo tún un sọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹjọ

Mo ṣe ilẹ̀kùn yàrá bọ́ọ̀dù náà. Ẹnikẹ́ni kò sí nínú ilé tó nílò rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, mo gé e, mo lu ihò, mo so ó kọ́. Ó ń ṣí, ó ń pa. Mo di àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú páálí àti gọ́ọ̀mù. Ògiri náà kò dára. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lókè, ojú ìṣó hàn níbi gbogbo. Àwọn ọmọ ń sáré wọlé sáré jáde títí mo fi pariwo mọ́ wọn.

Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àná. Ẹyin tún ti gbówó lórí. Kò sí ìròyìn láti Imeri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n gbé Bàbá Bọ́lá dé ní ìyálẹ̀ta, nínú lọ́rì pákó, lórí ìjókòó iwájú. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ gbá a mọ́ra. Mi ò mọ̀ ọ́n lójú kíákíá. Egungun ni.

Ìyá rẹ̀ kò wò mí lójú. "Ó ní òun fẹ́ rí àwọn ọmọ òun," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

A gbé e wọ yàrá tuntun. Mo ṣí fèrèsé. Ó dùbúlẹ̀, ó wo ògiri tí mo kàn láti òkè dé ilẹ̀, ó sì na ọwọ́ kan án.

"Ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?"

"Èmi ni."

"Kò tọ́ lókè."

"Mo mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bọ́lá àti àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri. Bọ́lá ka ìwé Yorùbá rẹ̀ fún un sókè, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, Fẹ̀sọ̀jayé sì ń tún gbogbo ọ̀rọ̀ ìparí sọ. Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, ó máa ń fi ìka kan bọ́ọ̀dù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Dókítà wá wò ó nílé, ó dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú mi. Ó ní kí a tún oògùn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá Bọ́lá kú ní àárọ̀ yìí. Oòrùn ti wọ fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹsàn-án

A sin ín sí Imeri. Mi ò lè kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá bá wa padà sí Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wà nítòsí àwọn ọmọ. Mo ní kò burú.

Bàbá Akínyẹlé kí wa kú ará fẹ́ra kù, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n sì wo ògiri náà. "Nígbà tí ara yín bá balẹ̀, Ìyá Bọ́lá, kí ẹ tú u. Àwọn tó fẹ́ gba ilé ẹ̀gbẹ́ yìí ń bi mí léèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ ra pínsà tí wọ́n fi ń fa ìṣó. Boniface kò gba owó. Ó ní kí n gbé e padà nígbà tí mo bá tú u tán.

Mo ti fa ìṣó àkọ́kọ́ lára ilẹ̀kùn nígbà tí Ìyá jáde láti yàrá inú. Wọ́n dúró wo ọwọ́ mi.

"Má tú u."

"Ìyá, onílé ló ní kí n tú u. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ mọ́."

Wọ́n jókòó sórí àpótí. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ bo ẹnu, wọ́n wúkọ́. Mo ti ń gbọ́ ikọ́ náà láti ọjọ́ mélòó kan, mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹkún ni, pé ẹ̀fúùfù ọ̀nà ni.

"Láti Imeri ni," wọ́n ní. "Èmi ni mo ń gbé orí rẹ̀ lé itan. Mi ò lè sọ fún ọ."

Mo gbé pínsà sílẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń sọ nínú ara mi pé màá bínú sí obìnrin yìí nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Ìbínú náà kò wá.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹwàá

Ikọ́ ife ni. Dókítà kan náà, ìjókòó kan náà. Ó ní kí a mú àwọn ọmọ wá fún àyẹ̀wò lọ́túnla.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gba itọ́ Bọ́lá lọ. Ti Fẹ̀sọ̀jayé, abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún sí i lápá, wọ́n ní kí a padà wá wò ó. Kò tíì sí èsì.

Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún Ìyá nínú yàrá bọ́ọ̀dù. Wọ́n wọlé láìjiyàn. Mo bu omi, mo ka oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Mo ti múra láti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì la ẹnu gbàgà bí ọmọdé kí n lè rí i pé kò sí ohun tó kù níbẹ̀.

Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn.

"Jáde, ìyàwó mi. Ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀."